Ṣé Àlẹ́jì Oúnjẹ Ló Ń Ṣe Ọmọ Yìí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ọmọdé

Ọmọ jẹun tán, kò pẹ́, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé. Ṣé oúnjẹ ni, àbí ooru, àbí kòkòrò ló jẹ ẹ́? Ojú awọ ara nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń wò kí wọ́n tó pinnu. Awọ ara ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tó ń sọ òótọ́ jù ú lọ: aago, àti bí ọmọ ṣe ń mí. Orí méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ dá lé.

Kí ni àlẹ́jì oúnjẹ gan-an?

Ara èèyàn ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà. Nínú ara àwọn ọmọ kan, àwọn ọmọ ogun yìí á ṣi oúnjẹ mú, wọ́n á rò pé ọ̀tá ni purotéènì tó wà nínú ẹyin tàbí ẹ̀pà. Wọ́n á ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní IgE sílẹ̀ dè é. Bí ọmọ bá tún fẹnu kan oúnjẹ náà, IgE yìí á mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun tú kẹ́míkà jáde, histamine sì ni ìlú-mọ̀ọ́ká inú wọn. Òun ló ń mú kí ara yún, kí ètè wú, kí inú máa run ọmọ. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kan ṣoṣo fi lè hàn lójú, níkùn àti lọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe pé oúnjẹ náà bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹni tó sè é dọ̀tí. Mo ní láti sọ ọ́, torí ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá lé kì í ṣe kékeré.

Oúnjẹ wo ló sábà máa ń fà á?

Oúnjẹ yòówù lè fà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù: wàrà màlúù, ẹyin, ẹ̀pà, àwọn bíi kaṣú àti àmọ́ńdì, àlìkámà, sóyà, ẹja, àwọn bíi edé àti akàn, àti yánmọtí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án yìí sára páálí oúnjẹ. Yánmọtí ló wọlé kẹ́yìn, láti oṣù kìíní ọdún 2023. Wàrà màlúù àti ẹyin wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ rántí pé méjèèjì yìí máa ń fara pamọ́ sínú bisikíìtì, kéèkì àti oúnjẹ inú agolo, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kódà bó jẹ́ èyí tí ẹ ti ń rà tipẹ́. Ilé iṣẹ́ lè yí èròjà inú rẹ̀ padà láìpariwo.

Ìgbà wo lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń bẹ̀rẹ̀?

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì ni ti àlẹ́jì tí IgE ń fà. Ẹlòmíràn kò tíì gbé ṣíbí sílẹ̀ tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: kí ni ọmọ yìí jẹ láàárín wákàtí méjì sẹ́yìn? Ẹyin tó jẹ láàárọ̀ àná kọ́ ló ń mú ara rẹ̀ lé lálẹ́ òní. Àlẹ́jì kan wà tó máa ń pẹ́ jù báyìí lọ kó tó dé, mo máa dé ibẹ̀.

Àwọn àmì wo ni kí n máa wò?

Awọ ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ara á lé kókó-kókó bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ níbi púpọ̀, á máa yún un. Èyí tó wà lápá á rọlẹ̀, òmíràn á yọ lẹ́yìn. Ètè, ìpéǹpéjú tàbí etí lè wú. Ara pupa ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlera máa ń yà sínú àwòrán, ṣùgbọ́n lára ọmọ tó dúdú, pupa yẹn lè má hàn rárá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára: ẹ máa mọ ibi tó lé lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì bọ́ aṣọ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ abẹ́ apá tàbí ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ikùn, inú á máa run ún, èébì á dé lójijì, tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè máa sín léraléra, kí ojú rẹ̀ máa ṣomi.

Ọ̀nà ọ̀fun àti àyà ni kí ẹ fetí sí jù. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójijì tí kò dáwọ́ dúró. Ohùn tó há, tàbí ẹkún tí kò dún bíi tirẹ̀ mọ́. Itọ́ tó ń dà torí pé kò lè gbé e mì. Àyà tó ń dún fíì-fíì. Ihò imú tó ń fẹ̀, àti ẹran àárín egungun ìhà tó ń wọnú bó ṣe ń mí.

Ó ku ti ẹ̀jẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á tutù, ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun, ara rẹ̀ á rọ, oorun tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀ á máa gbé e. Èyí ni àwọn èèyàn máa ń ṣì mú jù. Wọ́n á ní ó ti yó, ó fẹ́ sùn.

Ẹ sì má gbàgbé pé àlẹ́jì tó le lè dé láìsí pé ara lé rárá. Ọmọ tó jẹ ẹ̀pà, tó ń wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ ń há, kò nílò kókó kan ṣoṣo lára kí ẹ tó sáré.

Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ọmọ oṣù mẹ́fà kò lè sọ pé ọ̀fun ń yún òun. Ṣùgbọ́n á máa fa ahọ́n, á máa họ etí, á máa fi ojú nu aṣọ ẹni tó gbé e. Òmíràn á sunkún tí kò ní ṣe é rẹ̀. Òmíràn á dákẹ́ lójijì, á dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe náà ń ṣe gbogbo èyí. Ọmọ máa ń pọ ọmú, itọ́ máa ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tó ya àlẹ́jì sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń dé lójijì, lẹ́yìn oúnjẹ kan pàtó, àmì rẹ̀ kì í sì í sábà dá wá.

Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta á sọ ọ́, àmọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ó lè ní ata wà nínú oúnjẹ tí kò ní ata, tàbí pé nǹkan wà lọ́fun òun, tàbí pé ahọ́n ń ta òun. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó kọ oúnjẹ ló ń ṣe agídí.

Ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn tí ẹ sọ pé “ọmọ mi kì í ṣe báyìí”, ọ̀rọ̀ tó tó gbọ́ ni. Ẹ tún un sọ bí wọn kò bá gbọ́.

Ẹnu rẹ̀ nìkan ló pọ́n yí ká lẹ́yìn tó jẹ tòmátì. Ṣé àlẹ́jì ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi tòmátì, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń ta awọ ọmọdé níbi tó bá kàn, pàápàá bí awọ ibẹ̀ bá ti gbẹ. Ibi tí oúnjẹ kàn ló máa mọ, kì í wú, ó sì máa ń lọ lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi nù ún. Bó bá kúrò ní ẹnu tó lọ sí ọrùn tàbí ikùn, tàbí tó lé kókó, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ìgbà wo ló di pàjáwìrì, kí sì ni kí n ṣe?

Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, bí ohùn rẹ̀ bá há, bí ahọ́n rẹ̀ bá wú, bó bá dákú tàbí tí ara rẹ̀ rọ, ẹyọ kan nínú wọn ti tó. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ wo iye ibi tó kàn lára rẹ̀. Ara tó lé nìkan, ibi kan nìyẹn. Ara tó lé pẹ̀lú èébì tí kò dáwọ́ dúró, ó ti di méjì, kí ẹ sì mú un bí anaphylaxis, ìyẹn àlẹ́jì tó lè gba ẹ̀mí.

Abẹ́rẹ́ adrenaline, tí àwọn kan mọ̀ sí epinephrine, ni oògùn rẹ̀. Bí dókítà bá ti fún yín ní irú èyí tí òbí lè gún fúnra rẹ̀, ẹ gún un lójú ẹsẹ̀, sí àárín itan lápá ìta. A lè gún un gba orí aṣọ. Ẹ di ẹsẹ̀ ọmọ mú ṣinṣin kó má baà ta nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan máa gún un, kí ẹnì kejì máa pè. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lè gún èkejì bó bá wà lọ́wọ́. Ìwọ̀n ọmọ ni dókítà fi ń yan èyí tó tọ́: 0.01 miligíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò rẹ̀, ẹ má sì lo ti àgbàlagbà fún ọmọ ọwọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ gbalaja. Bí èémí bá ń ni ín lára, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Bó bá ń bì tàbí tó ti dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ọmọ ọwọ́, ẹ gbé e sórí apá ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má gbé e nàró léjìká. Ẹ má nà án dúró, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú ọkọ̀, kódà bó bá ní ara òun ti yá, torí dídìde lójijì lè mú kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ má fipá mú un bì, ẹ má sì bu ohunkóhun sí i lẹ́nu bí kò bá lè gbé e mì.

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí máa ń ba àwọn òbí ju àlẹ́jì náà lọ. Wọ́n á dì í mọ́wọ́, wọ́n á máa retí kó le sí i. Bí ẹ bá gún un tí a sì wá rí i pé kì í ṣe anaphylaxis, àyà ọmọ á lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, á sì kọjá láìpẹ́. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gún un, ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́ nílé, kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ sọ fún: “Ó jẹ ẹyin, kò lè mí dáadáa.” Ẹ má tò sórí ìlà.

Mo ní oògùn ara yíyún nílé. Ṣé kò ní tó?

Ó wúlò fún ara tó lé nìkan, bí dókítà bá ti sọ ìwọ̀n tí ọmọ lè mu. Kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí, kò lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Èyí tó ń mú ọmọ sùn nínú wọn tún burú sí i, torí ẹ kò ní mọ̀ bóyá oorun oògùn ni àbí ara rẹ̀ ló ń rọ. Promethazine, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá. Ó lè dí i lọ́wọ́ láti mí.

Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ṣé a lè máa lọ sílé?

Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Àlẹ́jì tó le lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ tún jẹ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń ní kí ẹ dúró kí wọ́n lè máa wò ó, bó tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín tó ń sáré kiri yàrá.

Ó jẹun lọ́sàn-án, kò lé lára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò sì dáwọ́ dúró. Ṣé májèlé oúnjẹ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni àlẹ́jì tó máa ń pẹ́ tí mo mẹ́nu kàn lókè. FPIES ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe IgE ló ń fà á. Wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ á bì léraléra, ara rẹ̀ á rọ, á funfun. Ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ara kì í lé, àyà kì í dún. Wàrà màlúù àti sóyà wà lára ohun tó ń fà á, àmọ́ ìrẹsì àti óòtì náà wà níbẹ̀, àwọn oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí.

Àmì tó máa ń tú u fó ni pé ó ń padà wá. Bí májèlé oúnjẹ bá ṣe ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá jẹ ìrẹsì ló ń bì báyìí nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ jẹ ẹ́ wà ní àlàáfíà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà. Bí ara rẹ̀ bá ti ń rọ tàbí tí kò lè gbé omi dúró nínú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, torí omi ara rẹ̀ lè tán.

Ara rẹ̀ ti ń lé láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń lọ ó ń bọ̀. Oúnjẹ wo ni kí n yọ?

Bóyá kí ẹ má yọ ìkankan. Ara tó lé nítorí oúnjẹ sábà máa ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan. Èyí tó ń bá ọjọ́ bọ̀, pàápàá bí imú ọmọ bá ń ṣomi tàbí tí ibà mú un, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á fún ọmọdé. Ẹ fi han dókítà, kí ẹ sì jẹ́ kó máa jẹun.

Wàrà màlúù ń dà á nínú rú. Àlẹ́jì náà ni?

Ó sinmi lórí ohun tí ẹ rí. Bó bá jẹ́ pé ṣúgà inú wàrà ni ikùn kò lè dà, inú á máa wú, afẹ́fẹ́ á máa jáde, ìgbẹ́ á ṣàn, kò sì léwu bíi ti àlẹ́jì. Ó tún ṣọ̀wọ́n nínú ọmọ kékeré, àyàfi lẹ́yìn àìsàn ìgbẹ́ gbuuru. Bí ara bá ń lé tàbí tó ń wúkọ́, àlẹ́jì ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ yá lè jẹ́ àlẹ́jì wàrà tó ń rọra ṣe ìfun. Ẹ má tìtorí rẹ̀ já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Dókítà lè ní kí ìyá dá wàrà màlúù dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ó ti jẹ ẹ́ rí, nǹkan kan kò ṣe é. Ṣé ó tún lè jẹ́ òun?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ oúnjẹ náà kó tó kórìíra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí àmì. Bó ṣe rí lẹ́ẹ̀kan kò sì sọ bí yóò ṣe rí nígbà mìíràn: èyí tó jẹ́ ara yíyún lásán lónìí lè le lọ́la. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, ẹ ṣọ́ ọ jù, torí èémí rẹ̀ ló máa ń tètè kàn.

Ṣé kò sàn kí n má fún un ní ẹ̀pà àti ẹyin títí tó fi dàgbà?

Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà fúnra wọn ń gbani nígbà kan nìyẹn. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tó wà nínú ewu àlẹ́jì má jẹ ẹ̀pà títí tó fi máa pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kúrò lórí rẹ̀ ní 2008. Ní 2015 ni ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní LEAP jáde, èyí tí Gideon Lack darí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ 640 ni wọ́n kó jọ, láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí gbogbo wọn ní àlẹ́jì ẹyin tàbí eczema tó le, ìyẹn ara gbígbẹ tó ń yún ọmọ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà déédéé, wọ́n ní kí àwọn yòókù má kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nínú àwọn tí àyẹ̀wò awọ ara wọn kò fi nǹkan kan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sá fún ẹ̀pà ló ní àlẹ́jì rẹ̀. Ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò ju ìdá 1.9 lọ.

Bí ọmọ bá ti tó oúnjẹ jẹ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kò sí ìdí láti sá fún àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Èyí tí eczema rẹ̀ le tàbí tó ti ní àlẹ́jì mìíràn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó kan ẹ̀pà. Ẹyin gbọ́dọ̀ jinná dáadáa. Ẹ̀pà gbọ́dọ̀ kúnná, kí ẹ pò ó ṣàn. Ẹ̀pà odindi lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ fún un lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá, lójúmọmọ, díẹ̀ lẹ́nu ṣíbí, kí ẹ má tíì pa á pọ̀ mọ́ oúnjẹ tuntun mìíràn. Ẹ má fún un kó tó sùn lálẹ́.

Kí ni kí n kó dání lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ẹ ya fọ́tò ara tó lé, torí ó lè ti lọ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ kọ aago tó jẹun àti aago tí àmì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó jẹ àti bó ṣe pọ̀ tó, bóyá ibà ń mú un lọ́jọ́ náà, àti oògùn tí ẹ fún un. Páálí tàbí agolo oúnjẹ náà, ẹ má dà á nù.

Ìtàn tí ẹ bá sọ yìí ló máa sọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ta oúnjẹ náà sí awọ apá, tàbí kí wọ́n wá IgE rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ṣọ́ra: àyẹ̀wò tó fi nǹkan hàn fún oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ láìsí wàhálà kò sọ pé ó ní àlẹ́jì rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ti rù nítorí pé wọ́n fi irú èsì bẹ́ẹ̀ gba oúnjẹ mẹ́wàá lẹ́nu wọn. Àyẹ̀wò IgG, tó yàtọ̀ sí ti IgE, tí wọ́n ń polówó káàkiri kò lè sọ ẹni tó ní àlẹ́jì. Ẹ fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ.

Ṣé ó máa fi í sílẹ̀ bó bá dàgbà?

Ti wàrà, ẹyin, àlìkámà àti sóyà máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ti ẹ̀pà ṣòro díẹ̀: nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti kaṣú àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹja àti edé sábà máa ń báni dàgbà. Ẹ má fún ọmọ ní oúnjẹ náà tọ́ wò nílé láti mọ̀ bóyá àlẹ́jì rẹ̀ ti lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á fún ọmọ ní oúnjẹ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa pọ̀ ọ́n sí i, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adrenaline nítòsí.